Ọkọ̀ ìje onípákó tí èmi àti ọmọ mi ń kàn ń yà sí òsì, kò sì yára. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Mofẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ọgbọ́n yín, torí eré ìje ti ń sún mọ́lé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ gbé ọkọ̀ onípákó lọ síbi eré, àwọn tí wọ́n máa ń tú sílẹ̀ látòkè ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní bátìrì, òòfà ilẹ̀ nìkan ló ń fà á wálẹ̀. Inú páálí tí wọ́n fún wa, pákó páìnì kan ló wà ńbẹ̀, táyà oníke mẹ́rin, ìṣó mẹ́rin tó máa mú táyà dání. Òfin wọn ni pé kò gbọdọ̀ wúwo ju ounce 5 lọ, ìyẹn bíi gíráàmù 141, kò sì gbọdọ̀ gùn ju íǹṣì 7 lọ.

A ti gé pákó, a ti fi sáńpépà ha á, a ti ki táyà bọ̀ ọ́. Tá a bá wá gbé e sórí tábìlì tá a tì í díẹ̀, kì í lọ tààrà, òsì ló ń yà sí, kò sì ní pẹ́ tó fi máa dúró bíi pé ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn kan tiẹ̀ wà tí kì í fẹ́ yí rárá. Lórí òṣùwọ̀n, gíráàmù 80 ni, so a ṣì láyè láti fi irin kún un, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá iwájú ni àbí àárín àbí ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà. Mofẹ́ fúnra ẹ̀ ló ya bó ṣe fẹ́ kí ọkọ̀ náà rí sórí ìwé, ó ní kó rí bí ẹyẹ àṣá tó gbé ìrù sókè, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe gé e. Ọ̀rẹ́ mi kan wá rí i, ó ní èyí ò lè gba ipò kankan, ó ní kí n gé òmíràn tó pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín níwájú. Ọmọ ò gbà. Ó tún fẹ́ máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan, ayùn àti ọ̀bẹ ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Adé_Yára

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ o. Ọkọ̀ tó bá tín-ín-rín níwájú, afẹ́fẹ́ ò ní rí ibi dì í mú. Ẹ wá pákó mìíràn, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ kó gbogbo irin sí ìdí ẹ̀ pátápátá. Ti yíyà sósì yẹn ò le, ẹ kàn tẹ ìṣó iwájú kan díẹ̀, á tọ́.

Màmá Tóbi

Adé, rọra. Ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó ó ya àṣá, bàbá ẹ̀ bá a gé àṣá, ẹ wá ní kí wọ́n lọ jù ú nù? Bàbá Mofẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé pákó kankan mọ́. Ó pẹ́ tí èmi àti ọmọkùnrin mi ti ń ṣe eléyìí, ohun tí mo sì ń rí ni pé ọkọ̀ tí ìṣó ẹ̀ dán tí táyà ẹ̀ tọ́ máa ń fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọn ò tọ́jú ìṣó ẹ̀ sẹ́yìn, ìbáà ṣe àṣá ìbáà ṣe àgbébọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìṣó kankan, tábìlì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ti ọkọ̀ náà láti apá kan, ẹ wo ibi tó yà sí. Ẹ wá bọ́ sí òdì kejì tábìlì yẹn kan náà, ẹ tì í padà wá. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì ọkọ̀ náà ló ń yà sí lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọkọ̀ ló níṣòro. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì kan náà ló ń lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ká sọ, a jẹ́ pé tábìlì ló dà sí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tẹ ìṣó tó tọ́ nítorí tábìlì tí kò tọ́.

Káfíńtà Àgbà

Òótọ́ ni Màmá Tóbi sọ. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín sọ ti ìṣó torí ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ yín ti ń rẹ̀.

Ẹ yọ ìṣó kan jáde, ẹ gbé e sún mọ́ iná. Ẹ wo abẹ́ orí ẹ̀, níbi tí orí ti pàdé ọrùn. Ẹ máa rí i pé irin ṣẹ́kù síbẹ̀, ó yọ ṣóńṣó kékeré, ẹ máa tún rí ojú ibi tí ẹ̀rọ tó ṣe ìṣó náà ti fún un lọ́rùn, ó fi ìlà sí i lára. Ẹ fi èékánná ha á lọ ha á bọ̀, èékánná yín á máa kọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí táyà bá yí, ibẹ̀ ló ń kọ́, ike sì rọ̀ ju irin lọ, so ìṣó yẹn á máa jẹ inú táyà ni, bẹ́ ẹ ṣe ń yí i sí i ló ń burú sí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ ki ìdí ìṣó bọ ẹnu dírílì kó di í mú dáadáa, ẹ jẹ́ kí dírílì máa yí jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá fi fáìlì kékeré kan abẹ́ orí àti ọrùn ẹ̀ títí ṣóńṣó yẹn á fi lọ. Ẹ má fáìlì jù o, torí tí ìṣó bá ti tín-ín-rín jù táyà á máa mì lórí ẹ̀. Ó wá kan sáńpépà, èyí tí wọ́n ń rẹ sómi. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi nọ́ḿbà 400 bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sí 600, kẹ́ ẹ bọ́ sí 1000, tẹ́ ẹ bá rí 2000 kò burú. Ẹ má fo ọ̀kan kọjá. Ìlà tí 400 bá fà sílẹ̀, 600 ló lè pa á rẹ́, tẹ́ ẹ bá fò ó, 1000 á kàn máa dán orí ìlà náà lásán ni. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ẹ fi ìpara tí wọ́n fi ń dán irin parí ẹ̀, tí kò bá sí, ọṣẹ ìfọyín náà ń ṣe é. Tó bá ti tó, tẹ́ ẹ bá yí i lábẹ́ iná, iná á máa yọ̀ lára ẹ̀ láìkọ́ níbì kankan. Ẹ fọ gbogbo ìpara yẹn kúrò, kó gbẹ.

Mofẹ́ lè ṣe nínú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ̀yin ẹ di dírílì mú, òun kó di sáńpépà mú. Kẹ́ ẹ di irun ẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, kó wọ gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú, kó má wọ ìbọ̀wọ́ torí dírílì lè fa ìbọ̀wọ́ mọ́ra.

Ti táyà ẹ̀yìn tí kì í yí yẹn, ṣé àyè wà láàárín ẹ̀ àti ara pákó? Mo rò pé wọ́n gbá ìṣó yẹn wọlé jù. Àyè tí káàdì báńkì kan lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún wo inú ihò táyà, ike máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ fi igi tín-ín-rín tẹ́ ẹ fi òwú wé lórí nu ún.

Adé_Yára

Mo gbà fún yín lórí ìṣó sà. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ ń dára yín lágara pẹ̀lú sáńpépà mẹ́rin? Epo máṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ìdí táyà, ó ti parí.

Tíṣà Fisíìsì

Kò tíì parí o Adé. Epo bíi tìyẹn máa ń fa eruku mọ́ra, òun àti eruku á di ẹrẹ̀ nínú ihò táyà, àwọn epo kan sì wà tó ń ba ike jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń lo epo tí wọ́n ṣe fún eré yìí gan-an tó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn, àmọ́ ibi púpọ̀ ni òfin wọn ti sọ pé nǹkan gbígbẹ nìkan, so ẹ má dán an wò. Graphite ni kẹ́ ẹ wá. Ìyẹ̀fun dúdú ni, òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ fi ṣe inú pẹ́ńsù. Ìpele ìpele tín-ín-rín ló wà, ìpele kan ń yọ̀ lórí èkejì, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ kí nǹkan yí wẹ́rẹ́. Ẹ fi sínú ihò táyà, ẹ fi sára ìṣó, ẹ fi sí abẹ́ orí ìṣó, kẹ́ ẹ tún fi ra ara pákó níbi tí táyà ti lè kàn án. Ẹ wá máa fọwọ́ yí táyà, kẹ́ ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ tún yí i. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fà á sí imú, ó sì ń ba aṣọ jẹ́ gan-an.

Ó ku ọ̀rọ̀ irin. Ẹ kún un títí á fi sún mọ́ ounce 5 yẹn bó ṣe lè sún mọ́ ọn tó. Mo máa ń gbọ́ káwọn èèyàn sọ pé nǹkan tó wúwo ló ń yára já bọ́ ju èyí tó fúyẹ́ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, òòfà ilẹ̀ ń mú kí eré àwọn méjèèjì máa pọ̀ sí i bákan náà ni. Ohun tó fà á tí ìwúwo fi ń ṣàǹfààní ni pé afẹ́fẹ́ tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà kì í wo ìwúwo, tí ọkọ̀ méjì bá rí bákan náà tí wọ́n sì ń sáré bákan náà, bákan náà ló máa dí wọn, èyí tó wúwo ló sì máa lágbára láti la àárín ẹ̀ kọjá. Táyà náà tún ń gba agbára tiẹ̀ kó tó lè yí, nínú ọkọ̀ tó wúwo ìpín kékeré nìyẹn jẹ́ nínú gbogbo agbára ọkọ̀, nínú èyí tó fúyẹ́ ìpín ńlá ni.

Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi irin sí. Tí ọkọ̀ bá wà lókè níbi tí wọ́n ti fẹ́ tú u sílẹ̀, ìdí ẹ̀ ló ga ju imú ẹ̀ lọ, àbí? Irin tó wà nídìí á wá já láti ibi gíga ju irin tó wà nímú lọ, tí imú bá ti dé ibi tó tẹ́jú nísàlẹ̀ irin yẹn ṣì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń tì í lọ. Àmọ́ kì í ṣe ìdí pátápátá bí Adé ṣe wí. Tí iwájú bá fúyẹ́ jù, táyà iwájú ò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́, ọkọ̀ á máa jò lójú ọ̀nà. Ẹ gbé rúlà nàró lórí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lé e ní ìdábùú, ẹ máa sún ọkọ̀ títí á fi dúró láìdà síwájú láìdà sẹ́yìn. Ojú ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó fi bíi íǹṣì kan, sẹ̀ǹtímítà 2.5, ṣíwájú ìṣó táyà ẹ̀yìn.

Ní ti àwòrán, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe nǹkan tá a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ìrù tó gbé sókè á gbà díẹ̀ lára eré ọkọ̀. Àmọ́ ìṣó tó ń ha táyà máa ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àǹfààní gidi tí pákó tín-ín-rín ní ni pé ó ń fi àyè sílẹ̀ láti kó ìwúwo síbi tó wu èèyàn, àṣá Mofẹ́ sì ti ní ìyẹn, gíráàmù 61 ló ṣì kù fún yín láti pín.

Ìyá Ìbejì

Ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè irú irin tí wọ́n fẹ́ fi sí i. Àwọn kan máa ń lo òjé torí ó rọ̀, ó sì ṣeé gé. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tí ọmọdé máa fọwọ́ kàn ni, ẹ má gbé òjé wọ inú ilé. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ẹ̀ kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ẹ tún máa wá fi sáńpépà ha á, eruku ẹ̀ á gba inú ilé kan. Tungsten ni àwọn tó fẹ́ ìwúwo ní ibi kékeré ń lò báyìí. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ihò kan náà, sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóròó àti ní jíjìn, gíráàmù 19.3 ni tungsten, òjé jẹ́ 11.3, irin lásán wà ní bíi 7.8. Tí tungsten bá wọ́n jù fún yín, irin lásán náà tó, ẹ kàn máa gbẹ́ ihò tó tóbi jù ni.

Bàbá Mofẹ́

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. A ti yẹ tábìlì wò bí Màmá Tóbi ṣe wí, ọwọ́ òsì ọkọ̀ ló ń yà sí ní apá méjèèjì, so ọkọ̀ ló níṣòro. Káfíńtà Àgbà, kò sí àyè kankan lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn yẹn lóòótọ́, a ti fà á jáde díẹ̀ báyìí ó ti ń yí. A ti bẹ̀rẹ̀ ìṣó, Mofẹ́ ló di sáńpépà mú, ó ní òun ló ń gbọ́ ìgbà tí ohùn ẹ̀ bá yí padà tí nọ́ḿbà kan ti tó.

Irin tá a ní nílé ni nọ́ọ̀tì àti wáṣà, a ò ní lo òjé rárá. Ṣé kí n kàn fi gúlúù lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ ọkọ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa tún yíyà sósì yẹn ṣe láìba ìṣó tá a ti dán jẹ́?

Káfíńtà Àgbà

Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kó yọ síta. Lójú ọ̀nà eré yẹn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń gba àárín kọjá, òun ni táyà òsì àti táyà ọ̀tún máa ń fi sáàárín kí ọkọ̀ má bàa jáde. Abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ga kọjá igi yẹn, ọ̀pọ̀ òfin béèrè íǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́jọ (3/8), bíi mìlímítà 9.5. Tí wáṣà bá yọ lábẹ́, á máa wọ́ lórí igi náà látòkè délẹ̀. Ẹ dá ihò lu láti abẹ́, nítòsí ìṣó ẹ̀yìn, ẹ kó irin sínú ẹ̀, ẹ fi gúlúù dì í, kó tẹ́jú pẹ̀lú abẹ́ pákó. Ẹ má dá ihò náà sún mọ́ ojú ìṣó jù o, páìnì rọ̀, ó lè là.

Ti yíyà: iwájú ni kẹ́ ẹ wò. Kò sí ìṣó tó tọ́ tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló tẹ̀ ní bíńtín. Ẹ wé téèpù mọ́ ẹnu pílíásì kó má bàa ha ìṣó, ẹ fi di orí ìṣó iwájú kan mú, ẹ yí i díẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ aago kékeré kúrò ní méjìlá bọ́ sí ọ̀kan. Ẹ ti ọkọ̀ wò. Ẹ tún yí i. Ibì kan á wà tí ọkọ̀ á ti lọ tààrà. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibẹ̀ ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí orí ìṣó, ẹ kán gúlúù díẹ̀ sí ojú ihò ìṣó láti abẹ́, kó jìnnà sí táyà. Tí kò bá tọ́ síbẹ̀síbẹ̀, ẹ wo ojú ihò tí wọ́n gé sí pákó náà fúnra ẹ̀, wọn kì í dábùú pákó dáadáa nígbà mìíràn, láti inú páálí ló ti máa ń wá bẹ́ẹ̀.

Ọlámi

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kejì torí gbogbo yín ti sáré kọjá ẹ̀. Bàbá mi mọ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Òun ló gé ọkọ̀ mi, òun ló dán ìṣó, òun ló kun ún, ọkọ̀ náà sì gba ipò kìíní. Wọ́n pè mí síwájú, ẹnì kan wá bi mí bí mo ṣe ṣe é, mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ràn bàbá mi, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí Mofẹ́ ṣe é, kódà tí ọkọ̀ ẹ̀ bá kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n Dúró

Ọlámi, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ká kàn gbé ayùn fọ́mọ ká máa wòran. Èmi nídìí bẹ́ǹṣì bàbá mi ni mo dúró sí, wíwo ni mo wò títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n, kò sì dùn mí pé òun ló gé é nígbà yẹn. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ ojú ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1953, ní Manhattan Beach ní California, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Don Murphy ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ náà fẹ́ wọ eré Soap Box Derby, èyí tí ọmọ fúnra ẹ̀ máa ń jókòó sínú ọkọ̀ onípákó, wọ́n ní kò tíì dàgbà tó. Ni bàbá bá ronú ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọ Cub Scouts, ìyẹn ẹgbẹ́ Scouts ti àwọn ọmọ kéékèèké, bíi tiẹ̀ lè fi sáré, ohun tó sì wà lọ́kàn ẹ̀ ni iṣẹ́ tí bàbá àti ọmọ á jókòó tì pa pọ̀. Kò sọ pé kí bàbá kó ọwọ́ ẹ̀ kúrò, kò sì sọ pé kí ọmọ máa wo bàbá.

Màmá Tóbi

Ẹ̀yin méjèèjì, ọjọ́ orí ọmọ ló máa sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi ayùn kékeré tí abẹ ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gé páìnì, tó bá jẹ́ pé kíláǹpù ló di pákó mú tí kì í ṣe ọwọ́. Ọwọ́ méjèèjì á wà lára ayùn, a jẹ́ pé kò sí ìka kankan níwájú abẹ. Kí bàbá bẹ̀rẹ̀ ojú ayùn fún un, torí ibi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni ayùn ti máa ń fò, lẹ́yìn náà kó máa bá a lọ fúnra ẹ̀. Ọ̀bẹ ni mi ò ní fún un, ayùn sàn ju ọ̀bẹ lọ fọ́mọdé. Dírílì, fáìlì lórí dírílì, gúlúù tó ń yára gan pa, tẹ̀yin ni. Yíya àwòrán, sáńpépà, ọ̀dà, graphite, yíyí ìṣó pẹ̀lú pílíásì, títi ọkọ̀ wò lórí tábìlì, tiẹ̀ ni. Ẹ tún fún un ní ìwé kan kó máa kọ ibi tí ọkọ̀ yà sí nígbà tẹ́ ẹ yí ìṣó. Tóbi mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló rí i kí èmi tó rí i pé ìṣó ọ̀tún ni kì í ṣe tòsì.

Adé_Yára

Ẹ̀gbọ́n, ohun méjì tó tún ń jẹ́ kó yára rèé o. Ìkíní, ẹ gbé táyà iwájú kan sókè díẹ̀, bíi mìlímítà kan, kó má fọwọ́ kan ilẹ̀. Táyà mẹ́ta ló máa ṣiṣẹ́, ìkẹrin ò ní gba agbára láti yí. Ìkejì, ẹ má jẹ́ kó lọ tààrà pátápátá. Ẹ tẹ ìṣó táyà iwájú tó ń tẹ ilẹ̀ yẹn kó máa rọra fara ti igi àárín ọ̀nà. Ọkọ̀ tó fara tì í jẹ́jẹ́ ò ní máa gbá a lọ gbá a bọ̀.

Tíṣà Fisíìsì

Òótọ́ ni Adé sọ nípa méjèèjì, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ Bàbá Mofẹ́, ẹ ka òfin tiyín kẹ́ ẹ tó gbìyànjú ẹ̀. Ibì kan ń fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ ilẹ̀, ibì kan ò gbà kí wọ́n tẹ ìṣó rárá. Èyí tí wọ́n ń fara ti igi yẹn sì gba sùúrù, tó bá fara tì í jù, eré tẹ́ ẹ ń wá ló máa pa. Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ lọ tààrà ti tó.

Adé_Yára

Mo gbà, Tíṣà. Òfin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò sà.

Bàbá Mofẹ́

Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ ti ń lọ tààrà! Ìṣó iwájú lápá ọ̀tún ni, Mofẹ́ ló yí i, ó kígbe débi pé ìyá ẹ̀ sáré wọlé wá wò ó. Mo ka òfin wa, wọn ò gbà ká tẹ ìṣó, wọn ò sì sọ nǹkan kan nípa táyà mẹ́ta, àmọ́ a máa fi mẹ́rin sílẹ̀. Àṣá ò kúrò o, ìrù wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀dà. Ó fẹ́ kun ún ní dúdú àti òféèfé. Ṣé ká kun ún báyìí tí táyà ti wà lára ẹ̀ ni? Ìwọ̀n wa nílé sì jẹ́ gíráàmù 141 géérégé, ṣé kò ní sí wàhálà níbẹ̀?

Màmá Tóbi

Inú mi dùn gan-an! Ẹ kí Mofẹ́ fún mi.

Ẹ má kun ún pẹ̀lú táyà lára. Tẹ́ ẹ bá ti fi gúlúù sí ìṣó, ẹ fi téèpù àti ìwé wé gbogbo ìdí táyà kí ọ̀dà kankan má débẹ̀, tẹ́ ò bá tíì fi gúlúù sí i, ẹ yọ wọ́n, kẹ́ ẹ kọ nọ́ḿbà sí ìṣó àti táyà kọ̀ọ̀kan kí kálukú lè padà sí àyè ẹ̀. Ibi tí táyà ti lè kan pákó, ẹ má kun ibẹ̀ rárá, ọ̀dà máa ń lẹ̀ mọ́ ike. Ẹ jẹ́ kí ìpele àkọ́kọ́ gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó kun ìkejì.

Ọ̀dà náà wúwo o, so gíráàmù 141 yẹn máa kọjá. Òṣùwọ̀n ibi eré ni wọ́n máa lò, kò sì dájú pé òun àti tilé yín á bára mu. Ẹ yọ wáṣà kan kúrò báyìí, ẹ fi ihò kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ tó jẹ́ síkúrúù lẹ máa fi di irin inú ẹ̀ mú, kì í ṣe gúlúù, kẹ́ ẹ lè yọ tàbí kẹ́ ẹ fi kún un lójú wọn níbẹ̀. Ẹ mú síkúrúdíráífà dání, wáṣà kéékèèké díẹ̀, àti graphite yẹn, ẹ tún fi díẹ̀ sí táyà kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́, torí ibi púpọ̀ ni wọn kì í ti í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án mọ́ tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán.